Harkabir àti Àárọ̀ Tí Ojú Ọ̀run Mọ́

Bí ẹ bá fẹ́ wá wo oko tíì wa lórí òkè, Harkabir awakọ̀ jíìpù ni kí ẹ bi léèrè. Ìdí ìkòkò tíì tí mo ń tà níbùdókọ̀ ló máa ń dúró, létí mi ló sì ti ń gba àwọn àlejò nímọ̀ràn.

"Ẹ má wá nígbà òjò, eṣúṣú á mu yín lẹ́jẹ̀. Tó bá di dandan, ẹ bu iyọ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ yín. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni kí ẹ wá, ojú ọ̀run máa ń mọ́ nígbà yẹn. Ẹ má lọ sóko lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọn kì í já ewé. Ẹ kí àwọn obìnrin oko kí ẹ tó ya fọ́tò wọn, èèyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe igi tíì. Tí kọ́nà bá ń mú òòyì kọ́ yín, ẹ jẹ ata ilẹ̀, kí ẹ máa wo ọ̀ọ́kán."

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Òótọ́ yẹn náà ló kó bá a.

Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni ọdún tí obìnrin ń ṣe fún ọmọkùnrin ìyá ẹ̀ máa ń bọ́ sí. Á da òróró yí i ká, á fọ́ àsálà lẹ́nu ọ̀nà, á fi àwọ̀ méje kun iwájú orí ẹ̀, á fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn. Tí òróró yẹn ò bá tíì gbẹ, ikú ò gbọdọ̀ kọjá. Ọkùnrin náà ò sì ní fẹnu kan nǹkan kan títí wọ́n á fi kùn ún tán.

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo ni Sanmaya, ìyàwó Harkabir, ní, kò sì ní ọmọkùnrin ìyá míì. Ranadhoj lorúkọ ẹ̀, oko tíì tó wà lódìkejì odò ló ń gbé. Èrò kì í jẹ́ kí Harkabir ráyè gbé ìyàwó ẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, Ranadhoj fúnra ẹ̀ ló máa ń gùnkè wá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, èémí ẹ̀ ò já gaara mọ́. Ó ránṣẹ́ pé, "Ẹ sọ fún àbúrò mi, mi ò lè gùnkè mọ́. Òun ni kó máa bọ̀."

Iwájú mi ni Harkabir ti ṣèlérí fún Sanmaya. "Ìyá Nirmala, ìdájí ọjọ́ ọdún la máa lọ."

"Bàbá Nirmala, ṣé ó dáa yín lójú?"

"Tí mo bá yẹ̀ ẹ́, kó o fi mí se tíì."

"Ta ló fẹ́ mu ún? Á ti korò jù."

Kùrukùru ló bo òkè lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn àlejò kan láti Kolkata ń dúró de ìgbà tí wọ́n á rí òkè yìnyín. Harkabir ti kọ́ wọn pé, "Tẹ́ ẹ bá jí tẹ́ ẹ rí ìràwọ̀, ẹ má sùn mọ́. Ẹ wá kan ilẹ̀kùn mi."

Ìdájí ọjọ́ ọdún gan-an ni ìràwọ̀ yọ. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Sanmaya ti múra, àwo àwọ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ká lọ ká bọ̀ ni," Harkabir wí. "Oòrùn ò ní tíì ta tí màá fi dé."

"Ó dáa," ni Sanmaya fi dá a lóhùn.

Wọ́n rí òkè yìnyín, ó pọ́n bí ẹyin iná. Àmọ́ gbogbo jíìpù ìlú ló ti gòkè lọ, imú ọ̀kan wọ ìdí èkejì, kò sẹ́ni tó lè yí padà. Ọ̀sán ti pọ́n kí Harkabir tó délé. Sanmaya ti fẹsẹ̀ gba ọ̀nà àwọn tó ń já ewé tíì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé ọ̀hún. Ranadhoj ò tíì fomi kan ẹnu. Ará ilé kan ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọbìnrin òun kùn ún, àmọ́ Ranadhoj ní, "Àbúrò mi ń bọ̀." Sanmaya sọ fún mi pé ẹ̀rín ni ẹ̀gbọ́n òun fi pàdé òun, ó ní, "Jíìpù ọkọ ẹ mà yára o."

Sanmaya kùn ún. Nígbà òtútù, tí wọ́n ń gé orí igi tíì, Ranadhoj kú. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni dókítà pè é. Kò sẹ́ni tó sọ pé torí òróró pẹ́ ni. Sanmaya náà ò sọ ọ́.

"Ì bá sọ ọ́," Harkabir wí fún mi. "Ǹ bá rí nǹkan fèsì sí."

Nígbà tí ọdún yípo, ó ń bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n má wá lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ ọdún, ó fọ jíìpù, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé.

"Ìyá Nirmala, mi ò gbé èrò kankan lónìí. Ibi tó o bá ní ká lọ la máa lọ."

Sanmaya ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Kò gbójú sókè.

"Ọ̀dọ̀ ta, Bàbá Nirmala?"