Asẹ́ Tí Fámúyìwá Kò Ṣí Wò

Bí ẹ bá fẹ́ bá Fámúyìwá jà, ẹ sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó. Ẹ lè sọ pé irun orí rẹ̀ ti funfun, tàbí pé Thérèse ìyàwó rẹ̀ ló ń pàṣẹ nínú ilé, ẹ̀rín ni yóò fi í rín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ apá òsì, ẹ má fẹnu kàn án. Èmi Àyọ̀kẹ́ fẹnu kàn án lọ́jọ́ kan, ó sì já èmi àti apẹ̀rẹ̀ mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó tó ìdajì wákàtí kí ó tó padà wá gbé mi.

Ọmọ Ko-Koumolou ni. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kékeré, ó lọ ń ru ẹrù ní Igolo lẹ́nu ibodè tó kọjú sí Ìdìrókò, kí ó tó rí ẹni kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Ọdún méjìlá ni ó fi wa ọkọ̀ yẹn fún ọ̀gá rẹ̀, kí ọ̀gá náà tó darúgbó, tí ó sì tà á fún un. Nígbà tí wọ́n ti ibodè pa, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ọkọ̀ tiwọn, Fámúyìwá fi tápólì bo tirẹ̀, ó gbé àdá, ó lọ dáko. Lẹ́yìn náà ni àwa obìnrin mẹ́tàdínlógún dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́gàrí sílẹ̀ ní Tchaada. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí, èmi ni mo sì ní kí a gbé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kíkó láti oko fún Fámúyìwá. Iṣẹ́ yìí ni ó ń jẹ. Bí ọkọ̀ náà bá kú, kò ní òmíràn, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ tuntun lé ọkùnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún lọ́wọ́.

Ògúnwálé ni mẹkáníìkì rẹ̀. Agbo ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà, àwo kan náà ni wọ́n ti jẹun. Ògúnwálé kì í ṣe ọ̀lẹ, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọdún méjì sẹ́yìn ni òun náà ra ọkọ̀ akẹ́rù, irú ti Fámúyìwá gan-an, tí ó fi ń kó ẹrù lọ sí Àjàṣẹ́.

Nínú ọgbà Ògúnwálé ni àwọn awakọ̀ ti ń ṣọdún Ògún. Wọn a fọ ọkọ̀ wọn, wọn a tò wọ́n jọ, a ó jẹ ẹ̀wà, a ó mu ọtí sódábì. Àṣà kan sì wà tí Ògúnwálé bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ alágbẹ̀dẹ: ohun tuntun tí ó bá fi sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ ọdún, yóò so màrìwò mọ́ ọn. Kò sí ọwọ́ tó gbọdọ̀ tú màrìwò náà títí ọdún mìíràn yóò fi dé. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, asẹ́ ẹ́ńjìnì ni Fámúyìwá mú wá, asẹ́ tí ń gba erukú kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà símú. Ti àtijọ́ ti ya. Ó sọdá sí Ìdìrókò lọ ra tuntun, ó gbé e lé itan bọ̀ wálé bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ògúnwálé gbà á, ó tẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó de ìdérí, ó so màrìwò. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ọ̀nà Ko-Koumolou nígbà ọyẹ́. Bí ọkọ̀ kan bá kọjá, erukú pupa náà á bo ewé àgbàdo àti ojú ènìyàn. Ọkọ̀ Fámúyìwá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè tí kò tó nǹkan. Ó ń mu ọ́ìlì. Èéfín bíi ti eérú ń jáde nídìí rẹ̀. Ní Igolo, mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Jẹ́láàní gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì pè é, bí àwọn ọmọdé ṣe ń fi Tonton pe àgbà.

“Tonton, ọkọ̀ yín ń jẹ erukú. Ẹ jẹ́ kí n ṣí filtre, asẹ́ yẹn, wò, ìṣẹ́jú méjì péré.”

“Ìwọ kò rí màrìwò ni?”

“Mo rí i. Mais, Tonton, màrìwò kì í dí erukú.”

Fámúyìwá bú u débi pé àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà dìde wá là wọ́n. Èmi náà gbìyànjú. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí asẹ́ tèmi bá ya, kóró á kún inú gàrí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.” Ó ní kí n gbájú mọ́ gàrí mi, pé Ògúnwálé ló so ó, àti pé kò sí ohun tí Ògúnwálé lè fi pamọ́ fún òun. Bí ó ṣe sọ ọ́, ojú ti èmi tí mo dá a lábàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ọkọ̀ náà kú. Ẹ̀gẹ́ wa ló kún inú rẹ̀, èmi ni mo jókòó níwájú. Ohun kan ń lu irin nínú ẹ́ńjìnì, gbà-gbà-gbà, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. A ránṣẹ́ pe Jẹ́láàní. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá, ó dúró, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Fámúyìwá fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ gé màrìwò náà. Ó sì ṣí ìdérí.

Asẹ́ àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Kò sí pé bóyá òun kọ́, nítorí Fámúyìwá ni ó fi àkísà ìró Thérèse lẹ ojú ibi tó ya ní ọdún tó ṣáájú, àkísà náà ṣì wà lára rẹ̀. Ihò inú rẹ̀ gba ìka mẹ́ta. Jẹ́láàní ki ọwọ́ bọ ọ̀pá tó lọ sínú ẹ́ńjìnì, ó fà á yọ, ó pupa fòò.

“Erukú ti jẹ inú ẹ tán. C'est fini, Tonton.”

Fámúyìwá gbé asẹ́ náà sábẹ́ apá, àwa méjèèjì sì gun ẹ̀yìn alùpùpù Jẹ́láàní lọ sí ọgbà Ògúnwálé. Ògúnwálé wà lábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ó jáde tí ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò bèèrè kí ló dé.

“Èyí tí mo rà ńkọ́?” Fámúyìwá ní.

“Ó wà nínú ọkọ̀ mi. Tèmi bàjẹ́ lọ́sẹ̀ ọdún yẹn, wọ́n sì ń retí ẹrù ní Àjàṣẹ́. Mo ní kí n sáré lò ó ni.”

“Oṣù márùn-ún.”

“Mo rò pé o máa rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní o máa wá pariwo, màá bẹ̀ ọ́, màá sì ra òmíràn fún ọ. Ìgbà tí o ò wá, mo ní bóyá o ti fojú fò ó. Vraiment, o ò ṣí i wò rárá?”

“O so màrìwò sí i, Ògúnwálé.”

“Mo so ó sára tèmi náà. Ọjọ́ kẹta ni mo tú u, kí n lè gbọn erukú ara rẹ̀.”

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣẹ́ èpè tí n kò tún ní kọ síbí. Mo pè é ní olè, mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀, títí ohùn mi fi há. Fámúyìwá rọra gbé asẹ́ yíya náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn padà.

Ẹ̀gẹ́ wa ṣì wà lójú ọ̀nà. Àná ni a ti wú u. Bí ó bá di ọ̀la, yóò ti máa dú nínú. Àwọn obìnrin yòókù ń pè mí lórí fóònù, wọ́n ń bi mí pé kí ni a fẹ́ ṣe. Mo wá ọkọ̀ káàkiri agbègbè Ifangni, kò sí èyí tó ṣófo. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, èmi tí mo fi ẹnu yìí bú Ògúnwálé ni mo tún fi ẹnu yìí pè é pé kó máa gbé ọkọ̀ bọ̀. Mo ní ọjọ́ kan péré ni. Èmi gan-an mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ kan.

Ó gbé ọkọ̀ náà wá, ó fi ìdí rẹ̀ ti ìdí ọkọ̀ tó kú. Kò bọ́ sílẹ̀. Fámúyìwá wò ó, ó wò mí, lẹ́yìn náà ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa kó ẹ̀gẹ́. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó kó o tán pátá, ó fọwọ́ gbá ìyókù jọ. Nígbà tí mo ti jókòó síwájú, tí ẹ́ńjìnì Ògúnwálé ń dún geere láìwúkọ́, ó wá sí ojú fèrèsé pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ kan tó bọ́ sílẹ̀. Ó nu iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ó nà án sí mi.

“Àyọ̀kẹ́, ẹ gbàgbé èyí.”

Mo nawọ́, mo sì gbà á.