Ọkọ Tí Mo Fi Yá Aládùúgbò Mi

Àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn ikú ọkọ mi lọ́dún yìí ń sọ pé kì í sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Rédíò ló ń tún ṣe ní Àlàbá, rédíò ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tó sọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa. Orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi, n ò kàn ní í kọ ọ́ ni.

Èmi àti obìnrin kan tó wá láti Kútọnu la jọ ń gbélé ní Okokomaiko nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Gàbọ́ọ̀nù, Kérésì ló máa ń wálé. Bó bá ti lọ, oyún á kù sílẹ̀. Lórí èyí tó bí gbẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá, a ti ń sunkún. Dókítà ní bó bá tún lóyún, òun ò lè ṣèlérí ẹ̀mí rẹ̀. Kérésì sì tún ti ń sún mọ́lé.

Ó lọ gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní ilé ìwòsàn kan lápá Ọ̀jọ́. Nọ́ọ̀sì ní, “Ọkọ dà? A kì í fún ìyàwó oníyàwó lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Pàápàá ẹ̀yin ará òkèèrè.”

Mo bá lọ bá ọkọ mi.

“Kí n wá jẹ́ ọkọ ta ni?”

“Tirẹ̀. Àárọ̀ kan péré ni.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi á tẹ̀ lé yín, kí ẹ má baà gbàgbé ọ̀nà ilé.”

A débẹ̀, nọ́ọ̀sì wò wá títí, ó wá nàka sí mi. “Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ mú ìyá yìí wá gbabẹ́rẹ́ lọ́dún tó kọjá?”

Ọkọ mi ní, “Èmi ni. Ìyàwó mi méjèèjì nìyí.” Ó rò pé ọ̀rọ̀ tán.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. “Ẹ̀yin ìyáálé lẹ wá fẹ́ ká ti ilé ọmọ ìyàwó kékeré pa? Kí ọmọ tiyín nìkan lè jogún, àbí?”

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ìyáálé burúkú!”

“Ojú ẹ̀ kúkú jọ ọ́!”

Nọ́ọ̀sì fa obìnrin náà wọ yàrá, ó tìlẹ̀kùn mọ́ wa síta. Mo ní a ti bà á jẹ́. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Nísinsìnyí ni mo tó rò ó dáadáa: látìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti bèèrè ọkọ, wọ́n ti bèèrè ìlú, wọ́n ti bi èmi náà. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ara.

Nígbà tó jáde, òwú wà lápá rẹ̀. Ó ti sọ gbogbo ẹ̀: Gàbọ́ọ̀nù, ẹ̀jẹ̀, àti ọkọ tó yá. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá, ẹ mú ìyàwó yín kan ṣoṣo lọlé. Èyí á máa dá wá. Ọkọ yíyá ti tó.”

“Ẹ ṣé o,” ni ọkọ mi wí. A dé ibùdókọ̀ kó tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà Kérésì, ará Gàbọ́ọ̀nù wálé. Ògiri tó là wá láàárín ò nípọn, mò ń gbọ́ ẹ̀rín òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọdọọdún ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ọdún yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí kò bà mí lẹ́rù.