Orogún Tí Kì í Jẹun

Ọkọ mi ò fẹ́ ìyàwó kejì rí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń pa irọ́ mọ́ ọn ni. Síléètì ló gbé wọlé. Àmọ́ ẹ bi àwọn obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, wọ́n á sọ fún yín pé kò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tó jẹ́, kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Iléeṣẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Á lọ káàkiri ibi tí ẹ̀rọ wà, á wo èyí tó ń jò, á wo èyí tó ti dákú, á kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Òun ti jáde kí n tó jí. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ ọ̀sán tèmi dé, oorun ti gbé e lọ. Ọjọ́ ìsinmi nìkan la máa ń fojú kan ara wa.

Bébà la fi ń bára wa gbé. Á ya ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pélébé, á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, á tì í bọnú bàtà iṣẹ́ mi. Tí mo bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, màá gbọ́ ìró bébà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ó lè jẹ́ pé gáàsì ti fẹ́ tán. Ó lè jẹ́ pé mo hanrun mọ́jú, àti pé ó dùn mọ́ òun létí. Èmi náà á fi báírò kọ èsì sẹ́yìn ẹ̀, màá há a sábẹ́ ìdérí kúlà oúnjẹ rẹ̀. Bá a ṣe ń fẹ́ra wa nìyẹn látìgbà táwọn ọmọ ti wà ní kékeré.

Àkọ́bí wa obìnrin ló ra síléètì náà fún un, ẹ̀rọ ìkọ̀wé ìgbàlódé tó ń gba ojú ewé púpọ̀ sínú. Kì í tàn yanran bíi fóònù. Ojú ẹ̀ rí bíi bébà gan-an, gègé ẹ̀ sì ń dún bíi pẹ́ńsùlù lórí ìwé. Ọmọ ní bàbá òun ò ní máa ru ìwé kiri mọ́. Bàbá náà ò sì fi ṣeré o. Ó wá àpò aláwọ fún un. Ó ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún lójú lọ́jọ́ ìsinmi, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní lọ́dọ̀ ẹ̀. Èmi tí mò ń fọ aṣọ gbogbo ilé ìwòsàn, ta ló nù mí lójú rí? Mo jowú. Mo jowú débi pé ọbẹ̀ ń jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ wá ń kí mi pé orogún mi ńkọ́, ṣé ó sùn dáadáa.

Bàtà mi ti ṣófo. Mo mú un mọ́ra títí, mo wá bi í pé ṣé orogún mi yìí ni kò jẹ́ kó kọ̀wé sí mi mọ́. Ó ní kí ni mò ń sọ, ojoojúmọ́ lòun ń kọ̀wé sí mi, inú síléètì lòun ń kọ ọ́ sí. Mo ní níbo ni síléètì ọ̀hún máa ń wà tí n bá jí? Ó ní òun á ti gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà. Ó ń kọ̀wé sí mi, ó tún ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ. Ó ní òun á máa fi í sílẹ̀ fún mi. Kò fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó wọ balùwẹ̀, orogún mi wà lórí tábìlì. Mo ní kí n kúkú fèsì síbẹ̀, bí mo ṣe máa ń fèsì sẹ́yìn bébà. Gègé ẹ̀ ò sí ńlẹ̀, ó wà lápò ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ. Mo fa báírò mi yọ. Ohun ìkọ̀wé ṣáà ni ohun ìkọ̀wé. Mo kọ ọ́, kò hàn. Mo tẹ̀ ẹ́, kò hàn tó. Ni gbogbo inú tó ń bí mi bá sọ̀ kalẹ̀ sọ́wọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń fún aṣọ ìbora. Ìgbà tó máa hàn, ó hàn gàdàgbà: Èmi ńkọ́?

Ó jáde pẹ̀lú táwẹ́lì lọ́rùn. Ó nù ún, kò lọ. Ó fi itọ́ pa á, kò lọ. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀. Ó ṣí òmíràn, ó ń bẹ níbẹ̀. Mo ti fín in sójú rẹ̀. Mo mọ bí ọmọ wa ṣe fi ìyà jẹ ara rẹ̀ kó tó rí owó rà á, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀bẹ̀. Mò ń dúró de ariwo. Kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tí mo fín, lẹ́yìn náà ó tì í bọnú àpò rẹ̀, ó lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dá mi lójú pé mo ti fọwọ́ ara mi ba ìyókù ìfẹ́ àárín wa jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, bàtà mi ṣófo. Mo sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, bébà dún. Rìsíìtì ni, ẹ̀yìn ẹ̀ ló kọ ọ́ sí, torí kò sí ìwé nílé wa mọ́:

“Ọ̀gá wa bi mí lánàá níwájú gbogbo ìpàdé pé ta ló fín síléètì mi báyìí. Mo ní ìyálé mi ni.”