Igi Ìbọn Tó Wà Lára Ògiri Bàbá Mi

Bàbá mi kò fẹ́ràn pákó Àpápá. Ó ní igi tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi ti rí ohun tí kò yẹ kí igi rí. Ìyá mi á bi í pé, "Ṣé igi náà lójú ni?" gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín mọ́ nílé wa, èmi ni mo sì fà á.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi. Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ ṣakabùlà, ìbọn ọdẹ tí wọ́n máa ń ki ẹtù sí láti ẹnu. Nígbà tó gbé iṣẹ́ náà wá sí Amùkòkò, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bi í bóyá ìgalà wà ní Ajégúnlẹ̀. Ó ń fẹ́ iná rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ó ti rí i pé ilé ìkẹ́rùsí pọ̀ ní Àpápá ju igbó ìlú rẹ̀ lọ, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọlọ́dẹ, àti pé láyé ìgbà yẹn, ọlọ́dẹ tí kò bá gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, olè á kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́ kó tó wọlé.

Òun ló ń ṣe irin, èmi ń ṣe igi. Káfíńtà ni mí. Bẹ́ẹ̀dì àti àga ló ń bọ́ mi, àmọ́ igi ìbọn ni iṣẹ́ tí mo lè ṣe tí n kò ní rántí oúnjẹ. Mo fẹ́ràn bí mo ṣe máa gbẹ́ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa sinmi lé, tí n óò máa gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi wò, tí n óò tún fá a díẹ̀. Èyí tó le jù ni ojú ọ̀nà gbọọrọ tí irin yóò sùn sí. Bàbá mi ní irin gbọ́dọ̀ sùn sínú igi bí ọmọ ṣe ń sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀, kí ààyè má sí láàárín wọn.

Kì í rọ ìbọn fún ẹni tí kò mọ̀. Olórí àwọn ọlọ́dẹ ló gbọ́dọ̀ mú ẹni náà wá fúnra rẹ̀. Bí ìbọn bá sì ti parí, bàbá mi ló máa kọ́kọ́ yìn ín, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. A óò rìn kọjá Kirikiri lọ sí etí omi, níbi tí kò ti sí ilé. Yóò gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò fi ọwọ́ òsì gbé abẹ́ irin rẹ̀, yóò sì sọ gbólóhùn kan náà tí bàbá tirẹ̀ máa ń sọ: "Bí yóò bá fọ́, ojú ẹni tó rọ ọ́ ni kó fọ́ sí." Kò sí èyí tó fọ́ rí. Ohun tó fi ń yan nìyẹn láàárín àwọn àgbà Amùkòkò. Kò ní ilé, kò ní mọ́tò, àmọ́ ìbọn rẹ̀ kì í fọ́.

Ní àárín àwọn ọdún 1980, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó rọ ọ̀kan fún òun. Ẹ̀gbá ni ọkùnrin náà, ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan lọ́nà Kirikiri, òun àti bàbá mi sì jọ máa ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Bàbá mi parí irin, ṣùgbọ́n igi àpá tí a máa ń gbà láti ilé, lọ́nà Ọ̀yọ́, kò dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ara mi kò gbà á mọ́, ni mo bá gba Àpápá lọ.

Ọkùnrin kan tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ló ń ta pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà èbúté. Ó gbé igi pupa kan jáde, ó wúwo, ojú rẹ̀ dán. Ó ní igi náà ni wọ́n fi ti ẹrù nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ó já bọ́ sínú omi, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó fà á jáde, ṣùgbọ́n oòrùn ti gbẹ ẹ́.

"Brọ́dá, wọ́tà no fit spoil dis one," ló wí. "Gbé e wò ná. Ṣé o rí i bó ṣe wúwo?"

Mo gbé e. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀lé ìlà ara rẹ̀, ọkàn mi sì ti gbẹ́ ìbọn náà tán kí n tó sanwó.

Bàbá mi fi ìka kan igi náà, ó gbé etí sí i.

"Ó gbẹ," ló wí. "Níbo lo ti rí i?"

"Ní Òkòbàbà ni, Bàámi. Ọ̀dọ̀ àwọn onípákó."

Irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìwàásù igi ọkọ̀ ojú omi ni. Irọ́ náà kò sì jọ mí lójú, torí mo ti gbọ́ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ pé nílé, wọ́n máa ń rẹ igi sínú odò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, tí wọ́n bá fà á jáde, wọ́n á sá a, ó parí. Omi ṣáà ni omi. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, èmi tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà.

N kò gbẹ́ igi tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. A lọ sí etí omi, bàbá mi yìn ín, ó dún, ó sì dákẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á, ó ń jó.

Òjò ọdún méjì rọ̀ lé e. Àwọn ọlọ́dẹ kì í gbé ẹtù àná sùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á yin èyí tó wà nínú ìbọn sójú omi kí wọ́n tó lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ bàbá mi yin tirẹ̀, ìbọn náà sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta ló lọ nínú ọwọ́ òsì rẹ̀.

Olórí ọlọ́dẹ ló gbé ìbọn náà wá, ó fi àpò sìmẹ́ńtì wé e. Bàbá mi tú irin kúrò lára igi. Irin náà ti là ní abẹ́, gbọọrọ. Ó gbé e súnmọ́ ojú, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, ó wò ó títí, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Iná mi ni," ló wí. "Iná mi kò jó o dáadáa. Mo ti darúgbó."

Mo gbé igi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nínú ojú ọ̀nà tí irin ti sùn, mo rí ohun funfun kan tó hù sí ara igi bí èérún. Mo fi ahọ́n kàn án. Iyọ̀ ni. Ìgbà náà ni ó yé mi. Omi òkun ti wọ inú igi náà lọ. Oòrùn gbẹ omi, kò gbẹ iyọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ń rọ̀, igi á làágùn, iyọ̀ á máa jẹ irin lábẹ́, níbi tí ọlọ́dẹ kò lè fi òróró nù, tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé.

Mo padà wọlé láti sọ ọ́. Bàbá mi ti ń tú ẹwìrì tó fi ń fẹ́ná palẹ̀. Olórí ọlọ́dẹ wà níbẹ̀, àgbà méjì wà níbẹ̀, òun sì ń sọ fún wọn pé ẹ̀bi òun ni, pé òun kò ní dáná agbẹ̀dẹ mọ́ láéláé. Mo la ẹnu.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàámi," ni mo wí.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún ra àga lọ́wọ́ mi? Mo ní n óò sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ bá rọlẹ̀. Ojo ni mí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá mi gbé igi náà kọ́ ara ògiri pálọ̀, lókè àga rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n bá a kàn án. Àlejò kò lè jókòó kó má fi hàn án. "Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ mi. Irin tèmi ló já a kulẹ̀." Èmi á máa wo ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń wá ní Jímọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ tèmi ló gé, kì í ṣe tìẹ. Gbé ọpọ́n ayò jáde." Bàbá mi á gbé e jáde, àmọ́ kò lè wo ọwọ́ yẹn, kì í sì í ta dé ìdajì. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà kò wá mọ́.

Ayé yí. Àwọn ilé ìkẹ́rùsí gba ẹ̀ṣọ́ oníyúnífọ́ọ̀mù àti ajá. Kò sẹ́ni tó bèèrè ṣakabùlà mọ́. Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án, títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fi rọ. Ní ìgbà òjò tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó ní kí n jókòó ti òun.

"Ṣé kò sí nǹkan kan tí o fẹ́ sọ fún mi?"

"Rárá o, Bàámi. Ẹ sinmi."

Ó mi orí. Ó pa ojú dé.

Lẹ́yìn tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo lọ gbé igi náà sọ̀kalẹ̀. Ìṣó tó gbé e dúró ti dípẹtà, ó ti jẹ dé ìdajì. Lára ògiri kan náà, ìṣó tó fi ń kọ́ fìlà láti ìgbà tí a ti kó dé ilé náà ṣì ń dán. Mo wò ó dáadáa, mo rí ojú ìṣó mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn igi náà, tí wọ́n ti yọ. Mo wá inú agolo tábà rẹ̀ tó wà lábẹ́ àga. Ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, ìpẹtà ti jẹ wọ́n tán, ó fi àkísà wé wọn.

Alágbẹ̀dẹ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pààrọ̀ ìṣó tí iyọ̀ igi yẹn jẹ. Ó mọ ohun tí igi mi ṣe, ó sì gba ẹ̀bi náà fún mi lójú gbogbo ayé, ó wá jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀.