Ojú Tó Fẹ̀ Ju Bó Ṣe Yẹ Lọ

Kò sí ohun tó ń rí mi lára bíi kí n fi ọwọ́ ara mi tan kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá, kó wá máa wò mí bọ̀ọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ìgbẹ́ alángbá lórí tábìlì sàn díẹ̀. Ìyẹn, èèyàn á kàn fi omi àti ọṣẹ nù ún.

Iṣẹ́ mi ni títún fọ́tò àtijọ́ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìgbó-Ọrà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìdèrè, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń kó fọ́tò tí ikán ti jẹ, tí òjò ti pa, tàbí tí ọmọdé ti fi bíró ya irùngbọ̀n sí lára wá bá mi. Màá gbé e sínú kọ̀ǹpútà, màá jókòó tì í, màá máa dí ihò ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di èèyàn padà. Linux, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò, torí èyí tí àwọn yòókù ń dàkọ lọ́wọ́ ara wọn lọ́nà àìtọ́ ti kó kòkòrò bá mi rí, ó sì jẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ run. Mo fẹ́ràn Linux yìí. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí mo fẹ́ràn ló ṣe mí báyìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, ó kọ ọ́ síwájú mi pé àtúnṣe tuntun ti dé, kí n jẹ́ kí òun gbà á. Ó ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn yọ mí lẹ́nu tipẹ́. Mo ní kó gbà á kí n lè rí ọ̀nà sinmi. Ó jẹ dátà mi bí ẹni tí kò jẹun láti àná, ó wá ní kí n pa òun, kí n tún òun tàn. Mo pa á, mo tàn án. Dúdú kirikiri. Kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ bí kò ṣe ìlà funfun kékeré kan ní kọ̀rọ̀ òkè, tó ń ṣẹ́jú sí mi.

Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Tíṣà ń mú Màmá bọ̀ láti Igangan.

Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò wa. Kò tíì gbọ́njú nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò rántí ojú rẹ̀ rárá. Fọ́tò pélébé kan ṣoṣo ló rí nínú àpótí bàbá rẹ̀, ikán sì ti jẹ àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ó ní kí n tún un ṣe, kí n sọ ọ́ di ńlá, kí òun lè gbé e kọ́ sí pálọ̀ òun. Mo ti tún un ṣe tán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé bí obìnrin náà ṣe rí nìyẹn? Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n dunjú, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyá àgbà kan tí orúnkún kì í jẹ́ kó jáde nílé. Òun ni Màmá tí mò ń wí. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà láti wá, ó sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò ní sùn nílùú onílùú. Fóònù kéré jù fún ojú rẹ̀, n kò sì ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìbàdàn ni mo ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ojú kọ̀ǹpútà mi nìkan ni yóò ti lè rí i. Tíṣà sì ti bá mi sọ ọ́ láìfi bò pé òun kò ní gbé ojú ẹni tí òun kò mọ̀ kọ́ sí ògiri kí òun wá máa pè é ní ìyá òun.

Mo tú gbogbo wáyà, mo tún wọn kì bọ ibi tí wọ́n wà. Pàbó. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀, kí ẹ má rí i kí ẹ tó jẹun: eruku tó ti di bíi òwú, ìyẹ́ aáyán, ẹyin ọmọńlé méjì tó lẹ̀ mọ́ ara irin, àti ohun dúdú kan tí n kò fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti fìgbà kan ní ẹsẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a jáde, mo ń di imú mi mú. Nígbà tí mo tàn án padà, ìlà funfun náà tún ń ṣẹ́jú.

Àkókò yẹn ni aládùúgbò mi tó ń tún fóònù ṣe wọlé, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń jẹun sí mi létí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o."

Àdúgbò wa yìí, èèyàn mẹ́rin ló máa dáhùn bí wọ́n bá pe Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n èmi ló ń bá kẹ́dùn. Ẹ kú ìrọ́jú! Bí ẹni pé mo ti sìnkú rẹ̀.

"Mo ti sọ fún yín kí ẹ fi nǹkan ọ̀fẹ́ yẹn sílẹ̀," ó ní. Èèpo ẹ̀pà kan fò láti ẹnu rẹ̀ bọ́ sórí bọ́tìnì kọ̀ǹpútà mi. "Ọmọńlé ti jẹ wáyà ẹ̀ ni. Ó ti kú."

Kò kú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí ó ti pẹ́ tí mo ti so fóònù mi mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé mo lè tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i láti orí fóònù kó sì dá mi lóhùn, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ fọ́. Mo pè é. Ó dáhùn. Gbogbo fọ́tò wà níbi tí mo kó wọn sí. Mo béèrè ohun tó ṣe é, ó sì kó àròyé jáde jàn-ànràn jan-anran, títí mo fi rí ibi tí wàhálà wà. Ètò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní dráífà. Òun ló ń ṣe ògbifọ̀ láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti káàdì tó ń gbé àwòrán jáde. Àwọn tó fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ ti pààrọ̀ ọpọlọ, wọn kò sì fi ohun tí ògbifọ̀ yóò fi gbọ́ èdè ọpọlọ tuntun náà ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àgbàlagbà èèyàn ló jókòó síbì kan tó ṣe irú èyí. Mo pòṣé títí ẹnu mi fi gbẹ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àṣẹ tí màá fi tún un ṣe ni mo gbọ́ "Ẹ kú ilé o" lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà ló ń di Màmá lápá mú wọlé.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Màmá kí mi, ó kí ìyàwó mi tí kò sí níbẹ̀, ó kí àwọn ọmọ. Mo ní ẹ kú ewu ọ̀nà. Ó ní Alihamudulilai, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọ̀nà náà, kòtò kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo jẹ́ kó dé ibi tó ti mí, mo na ọwọ́ sí fóònù.

"Ọ̀rọ̀ ni mò ń bá ẹ sọ," ó ní, "ìwọ ń tẹ fóònù."

Mo ní ẹ má bínú, Mà. Mo gbé e sílẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ sọ? Kí n ní fóònù yìí gan-an ni iṣẹ́? Kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, bàbá oníkọ̀ǹpútà jókòó tì í, ó ń tẹ fóònù níwájú àgbà. Tíṣà alára ti ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Báyìí ni mo ṣe ń gbé e, tí mo ń gbé e sílẹ̀, tí Màmá ń ròyìn, tí mo ń ní bẹ́ẹ̀ ni Mà. Ọ̀rọ̀ náà sú mi dé ọrùn.

Nígbà tó yá, mo rí ọ̀nà yọ dráífà tó ṣe wèrè náà dànù, mo ní kí kọ̀ǹpútà lo èyí tó bá a wáyé ná. Mo tún un tàn. Ojú rẹ̀ là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sàn kó má là. Gbogbo nǹkan fẹ̀ bẹẹrẹ. Lẹ́tà wú bí ẹsẹ̀ tí oyin ta, ìdajì ojú ìwé ti bọ́ síta, kò sì sí ibi tí mo tẹ̀ tó fẹ́ padà bọ̀ sípò. Mo ṣí fọ́tò ìyá Tíṣà kí n lè mọ̀ bóyá ó wà láìléwu. Ojú tí mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ tọ́, tí ẹ̀yìn ọrùn mi ń ro mí torí rẹ̀, ti tẹ́ láti ọ̀tún dé òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì yọ gọngọ. Bí àwọn tó ń ṣe bánà lẹ́bàá gáréèjì ṣe máa ń fa ojú olójú kó lè kún ààyè ni, ìwà tí mo máa ń tutọ́ sí bí mo bá ń kọjá.

Mo gbọ́ "Háà!" lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn, mo rí Màmá tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ó rí òun náà lára. Ojú tì mí. Mo pa fọ́tò náà dé kíákíá.

"Ẹ má bínú, Mà. Bó ṣe rí kọ́ nìyẹn, ẹ̀rọ ló bà á jẹ́."

Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí n kò gbé fóònù sílẹ̀. Mo tẹrí ba, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n pè mí. Tíṣà ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣe é dáadáa." Màmá bá pa ẹnu mọ́.

Mo fi dátà tó kù wá ohun tí wọn kò fi ránṣẹ́ láàárọ̀, mo ní kí kọ̀ǹpútà fi mọ dráífà tuntun. Ojú rẹ̀ tún ṣókùnkùn, bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn, iṣẹ́ ń lọ nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Aládùúgbò mi ẹlẹ́pà tún wọlé. Ó wo ojú dúdú náà, ó mi orí.

"Kí ẹ má jẹ́ kó máa jẹ iná sólà yín lásán," ó ní, ó sì tẹ bọ́tìnì pa á kí n tó la ẹnu.

Mo lérí sí i débi tí Màmá fi ń ṣe ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ó kó ẹ̀pà rẹ̀, ó jáde, ó ní òun ṣe oore ni. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti fi òróró sí ara bọ́tìnì náà, mo ní láti fi aṣọ nù ún kí n tó lè tẹ̀ ẹ́ tan kọ̀ǹpútà padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ kọ̀ǹpútà láti orí fóònù pé kó parí ohun tó já sọ́nà. Dírẹ́bà Igangan ti ń pe Tíṣà pé mọ́tò ti fẹ́ kún. Tíṣà dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Tí kò bá ní ṣeé ṣe, ẹ sọ ọ́." Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo tẹ àṣẹ tó kẹ́yìn.

Ojú kọ̀ǹpútà là. Ó là dáadáa, gbogbo nǹkan wà níwọ̀n tó yẹ kó wà. Mo ṣí fọ́tò náà. Ó mọ́ kedere, ojú tóóró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wọlé díẹ̀, àgbọ̀n tí mo fi ọwọ́ mi ṣe tí kò sì ṣeé mọ̀ mọ́ pé ikán débẹ̀ rí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, inú mi dùn.

"Ẹ wá wò ó báyìí, Mà."

Tíṣà mú Màmá sún mọ́ ọn. Màmá wò ó.

"Èyí tó o gbé jáde lẹ́ẹ̀kan dà?" ó ní.

"Èwo, Mà?"

"Èyí tó sanra."

Mo ní ìyẹn kò dáa, ẹ̀rọ ló fà á fẹ̀, ojú èèyàn kọ́. Ó mi orí.

"Ìgbà tí àìsàn wà lára ẹ̀ ni wọ́n ya èyí. Báyìí ló gbẹ nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, mi ò sì fẹ́ máa rántí ẹ̀. Òun gan-an ló yọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ, o ò gbójú sókè." Ó tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà. "O wá jókòó látàárọ̀, ò ń gbé àìsàn ẹ̀ padà fún un."

Mo mú etí fọ́tò náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á fẹ̀. Ó ń rí mi lára bí mo ṣe ń fà á, irun ń tẹ́, etí ń tẹ́, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi ń bàjẹ́ lójú mi.

"Fà á sí i," Màmá ní. "Ó ku díẹ̀. Dúró níbẹ̀."

Tíṣà ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn lóòótọ́, Màmá?" Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Fóònù ń dún nínú báàgì rẹ̀, kò gbé e.

Màmá ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mi mú, ó tẹ̀ síwájú.

"Àbúrò mi," ó ní, "ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta o."