Igbe Tí Àkàngbé Kò Ké

Láti ìgbà tí ogun Bìáfúrà ti parí ni Àkàngbé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń bá ará ọjà Yábàá kọ lẹ́tà. Tábìlì kan, agbòjò kan, tàípù kan, ó parí. Díkíṣọ́nárì ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn gan-an. Àfi bí Jẹ̀lílì, ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, ṣe gbé tàípù tuntun wá jókòó tì í.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ò kọ lẹ́tà ní Yábàá rí.

Lọ́jọ́ kan, Àríkẹ́ tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ mú ìwé lọ́yà wá bá Àkàngbé. Onílé wọn ló ní “clamour” àwọn ayálégbé ti sú òun. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Àkàngbé ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ni í sọ bẹ́ẹ̀ lójú oníbàárà? Ó ní, “Ìjà ni.”

Jẹ̀lílì rọra gbórí sókè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Igbe ni, ariwo ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ké pọ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ni ín. ‘Clamare’ ni wọ́n ń pe kéèyàn ké jáde. Àwọn Faransé gbà á lọ́wọ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wá gbà á lọ́wọ́ Faransé.”

“Áà, ọ̀rọ̀ yìí mà rìn jìnnà o,” ni Àríkẹ́ wí, ló bá gbé àpótí tó jókòó lé lọ sọ́dọ̀ Jẹ̀lílì. Kó tó pé oṣù kan, orúkọ Díkíṣọ́nárì náà ti tẹ̀ lé e lọ, ó di ti Jẹ̀lílì.

Ìlara ni, ká má tan ara wa. Bí Jẹ̀lílì bá rẹ́rìn-ín, á dun Àkàngbé. Bó bá kí i pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́,” á tún dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, Jẹ̀lílì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo tàípù mi, mo fẹ́ lọ kírun.” Kò tíì pẹ́ tó lọ tí ọkùnrin kan fi dé, tó ki tàípù náà sábẹ́ agbádá. Àkàngbé rí i kedere. Nínú ọjà, ẹni tó bá rí olè, igbe kan péré ni tirẹ̀. Gbogbo ọjà á gbà á lẹ́nu rẹ̀, kò ní í ké lẹ́ẹ̀kejì. Àkàngbé yanu. Ó rántí orúkọ rẹ̀ tó lọ. Ó panu dé, ó tẹjú mọ́ bébà títí ọkùnrin náà fi wọ àárín èrò.

Nígbà tí Jẹ̀lílì dé, ó kàn fọwọ́ pa tábìlì tó ṣófo. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí ẹnikẹ́ni?”

“Oorun ló gbé mi lọ.”

Jẹ̀lílì gbà á gbọ́. Ìyẹn ló burú jù. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn, ó ní, “Ẹ bá mi kọ ọ́ sí ọlọ́pàá. Tàípù tiyín nìkan ló kù.” Ó ń sọ, Àkàngbé ń tẹ̀ ẹ́: ọ̀sán gangan, ọjà kún. “Ẹ kọ ọ́ pé kò sí ‘clamour’ kankan.”

Ìka Àkàngbé dúró.

“Ṣé ọ̀rọ̀ náà ò yé yín ni, Ẹ̀gbọ́n?” ni Jẹ̀lílì rọra bi í.

“Ó yé mi,” ni Àkàngbé wí. “Ìwọ náà lo kọ́ mi.” Ó sì tẹ̀ ẹ́.