Pa Ọmọ, Pa Ìyá

Àbúrò mi tí wọ́n ń pè ní Pàǹtí ò gbé nǹkan tuntun wọlé rí láyé ẹ̀. Kọ̀ǹpútà táwọn ará ọ́fíìsì bá dà nù, òun ló máa gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ìkókó. Nínú yàrá ẹ̀, ibi téèyàn máa fẹsẹ̀ lé ò sí. Ìyàwó wo ló fẹ́ sùn lórí wáyà?

Ọmọ mi obìnrin ò ríran. Ìwé tí wọ́n gún ní tó-tò-tó ló máa ń fọwọ́ kà. Ìdánwò ẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin, ilé ìwé ní ìwé tó máa kà ò tíì dé. Pàǹtí bá lọ hú ẹ̀rọ tó ń gún irú ìwé yẹn jáde láàárín irin ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ ọ̀hún á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Ó ní kò ní dírẹ́bà. Mo ní ṣé lọ́rì ni? Ó ní dírẹ́bà lògbufọ̀ tó ń bá kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara wọn. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti kógbá sílé, àfi kóun fi Linux, ètò kọ̀ǹpútà tẹ́nikẹ́ni lè tún ṣe, gbìyànjú, nítorí ìyẹn máa jẹ́ kóun fọwọ́ ara òun kọ ògbufọ̀ náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó tì í. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, èmi àtọmọ mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké gbàgà-gbàgà, bí ẹni ń fọmọ odó lu ògiri. Pépà òfìfo ló ń tì jáde, kò sì fẹ́ dúró. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe, ìyá ni wọ́n ń pe èyí tó bí òmíràn, wọ́n ń pe èyí tó bí lọ́mọ; tí wọ́n bá dá a dúró, wọ́n ní àwọn pa á. Pàǹtí ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń pariwo kí tọ̀hún lè gbọ́.

"Mo ti pa ọmọ. Ọmọ ti kú, ìyá ẹ̀ ló kù. Kí n pa ìyá náà?"

Wẹ́dà tó ń jórin lẹ́yìn ògiri ti rí èmi àtọmọ mi nígbà tá a wọlé, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó fẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn, páìpù irin wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Àkọ́kọ́ bá Pàǹtí lápá, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ìkejì là á lórí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Mo fò mọ́ wẹ́dà lẹ́yìn, mo gé e létí jẹ. Pàǹtí dà bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló fi gba ìkẹta.

"Èmi ni kẹ́ ẹ lù," ló wí, "ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ."

Mo ní, "Wẹ́dà, iná tó o fi ń jórin ti ràn mọ́ ọ lọ́pọlọ. Ìyá nìyí, ọmọ nìyẹn. Ta ló kú?"

Páìpù já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Apá ọ̀tún Pàǹtí ń fì dirodiro, ó ní òun ò lọ ọsibítù kankan o. Ó ń pe lẹ́tà, èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìwé mẹ́ta ń fìka kan tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tá a pa ìyá, ẹ̀rọ dákẹ́. Mo tẹ ìlà mìíràn tí Pàǹtí pè, ó tún bẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ń gún ìwé sára pépà. Wẹ́dà ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi di orí Pàǹtí, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, èmi náà ń bú u.

Ọmọ mi fa pépà náà yọ, ó fìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ká dákẹ́ jàre, òun ń kàwé.